Ṣójà méjì ń kúrò ní yúnìtì wa: kí la lè ṣe fún wọn tó ju kéèkì lọ?

Àkànbí_Texas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. First Sergeant wa, ọ̀gá àwọn sájẹ́ǹtì yúnìtì wa, gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ ní Fort Bliss níbí, ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní El Paso, Texas, mo sì fẹ́ gbọ́n lára yín. Ṣójà méjì ló ń kúrò lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sí i. Ọ̀kan jẹ́ Staff Sergeant, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ọdún 20 ló fi ṣiṣẹ́ ológun, ó ń fẹ̀yìn tì. Èkejì jẹ́ Specialist, ipò tó wà lábẹ́ àwọn sájẹ́ǹtì, ọmọbìnrin kan láti Houston. Ọdún 4 tó tọwọ́ bọ̀wé fún ló ń pé, yunifásítì ló ń lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ìdágbére wọn, nítorí pé lójú ọ̀gá wa, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ pátì í ṣe.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ní yúnìtì wa kò ju plaque kan, ìyẹn pákó tí wọ́n fín orúkọ ẹni sí, àti kéèkì lọ, kí kọ́mándà sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn gan-an, àwọn tó ti pẹ́ ló ń rí i gbà. Specialist tó lọ kẹ́yìn, wọ́n ka ẹrù ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n buwọ́ lu ìwé rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó di Oklahoma. Owó tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_S1

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Kéèkì ò ní sá lọ.

DA Form 638 ni wọ́n fi ń dábàá àmì-ẹ̀yẹ fún ṣójà, òun ló sì ń pẹ́ jù nínú gbogbo ètò ìdágbére. Army Achievement Medal, kọ́mándà bàtálíọ́nù tó jẹ́ Lieutenant Colonel lè buwọ́ lù ú. Army Commendation Medal gbọ́dọ̀ dé iwájú Colonel. Meritorious Service Medal, tí ọ̀pọ̀ ń gbà nígbà ìfẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ jẹ́nẹ́rà ló ń lọ. Bí ìwé ṣe ń gòkè ni tábìlì tó ń gbà kọjá ń pọ̀ sí i, kò sì sí tábìlì tí kò lè dá a padà nítorí déètì kan tí kò bára mu. Oṣù mẹ́ta tó ò ń wò yẹn kò gùn rárá. Lọ bá S1 yín, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìwé àwọn ṣójà, lọ́la, bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ṣáájú ni wọ́n ń fẹ́ rí i, torí ibi kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀.

Ẹnìkan máa sọ fún ẹ pé AR 600-8-22, ìwé òfin Army lórí àmì-ẹ̀yẹ, kò gbà kí wọ́n fún èèyàn ní àmì-ẹ̀yẹ kìkì nítorí pé ó ń lọ. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ohun tí ìyẹn ń bi ẹ́ ni pé kí ni ẹni náà ṣe. Kò ní kó o káwọ́ gbera. Àwọn ọ̀gá tó ń fi òfin yẹn kẹ́wọ́ nígbà tó bá kan Specialist, ẹ wò ó bóyá ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nígbà tó bá kan Major.

Mẹkáníìkì_JBLM

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n tẹ̀wọ̀n. Kí n fi kún un: ibi tí fọ́ọ̀mù yẹn ti ń kú ni àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ohun mẹ́rin tí ṣójà gbé ṣe. Ẹni tí kò mọ ọmọ náà dáadáa ni wọ́n sábà ń ní kó kọ ọ́, á wá kọ pé ó ń ṣiṣẹ́ takuntakun, pé àwòkọ́ṣe ni. Ta ni wọn ò kọ irú ẹ̀ fún rí?

Specialist kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà tá a lọ ṣe ìdánrawò ní Fort Irwin, nínú aṣálẹ̀ California. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé rédíò wa kú lóru. Ọmọ yẹn fi ẹnu há tọ́ọ̀ṣì, ó tú ibi tí epo ń gbà kọjá palẹ̀ sórí tapólì, ó ń to nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú ìdérí kúlà kí iyanrìn má bàa gbé e mì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Ohun tí Lieutenant wa kọ sórí fọ́ọ̀mù ni pé ó ní òye iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó pa á rẹ́. A kọ òru yẹn síbẹ̀, a kọ ohun tí ì bá dé bá ìdánrawò náà ká ní rédíò dákẹ́ dọjọ́ kejì. Bàtálíọ́nù ò dá a padà.

Nítorí náà, Àkànbí, má jókòó sí ọ́fíìsì. Lọ bá àwọn tó ń bá ọmọbìnrin yẹn gbé ní bárékè, bi wọ́n pé kí ló ṣe tí wọn ò lè gbàgbé. Bi àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni wàá fi kún fọ́ọ̀mù, òun náà ni kọ́mándà máa bá lọ́wọ́ láti sọ lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Ìbejì_Clarksville

Fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má gbàgbé ilé o.

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi fẹ̀yìn tì ní Fort Campbell, ìwé-ẹ̀rí kan wà tí wọ́n fún èmi náà, orúkọ mi gangan ló wà lórí ẹ̀. Ìyìn fún ìyàwó tó ti kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn títí ẹrù fi sú u. Army ló ní ìwé yẹn fún ọkọ tàbí aya ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí sí i kó tó jáde. Àsíá ńkọ́? Òfin ló fi í fún ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìwé ìmoore tún wà tó ń wá lórúkọ Ààrẹ. Gbéra, lọ sí Retirement Services Office, ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, ní Fort Bliss, béèrè èyí tó ti jáde àti èyí tí kò tíì jáde. Má rò pé ẹnìkan ti bá ẹ ṣe é. Gbogbo èèyàn ló máa ń rò pé ẹnìkan ti ṣe é.

Wá pe Staff Sergeant sí kọ̀rọ̀, bi í pé ta ló fẹ́ kó jókòó síwájú lọ́jọ́ náà. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣì wà ní Ìjẹ̀bú, tó fẹ́ fi fídíò wò ó láti ilé, ẹ má fi ètò yẹn sí ọ̀sán o. Aago mẹ́ta ọ̀sán ní El Paso, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù ní Nàìjíríà, nígbà òtútù ó tilẹ̀ di mọ́kànlá. Màmá á ti sùn, iná á sì ti lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiyín ló dáa, ìrọ̀lẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn, ẹnìkan á ti lè ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_NC

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti plaque, torí òun ni mò ń jẹ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fín ọ̀rọ̀ sára igi àti irin nítòsí Fort Bragg.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ Ọlájùmọ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí mi nínú ímeèlì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ìfínwé sọ ẹ àti ọ yẹn di àpótí kéékèèké, kí àmì orí rẹ̀ sì pòórá. Ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe, wọ́n á fín in bẹ́ẹ̀. Ẹ fi PDF ránṣẹ́ tàbí kẹ́ ẹ yà á bí àwòrán, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi bó ṣe máa rí hàn yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi. Ìwé ìjọba ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mu, ẹ má fi àmì sí ìyẹn.

Èkejì, orúkọ ibùdó. Fort Bragg di Fort Liberty ní 2023, ó tún padà di Fort Bragg ní 2025. Fort Hood náà di Fort Cavazos ní 2023, ó padà di Fort Hood ní 2025. Ẹni tó débí lábẹ́ orúkọ kan, tó ń lọ lábẹ́ òmíràn, èwo lẹ máa kọ fún un? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ bá ara wọn jà lórí ẹ̀ ní kántà mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi orúkọ ibùdó sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ yúnìtì, ọdún tó dé àti ọdún tó lọ. Fort Bliss tìẹ ò yí padà, o bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Lójú tèmi tí mò ń tà á, plaque kọ́ ló dáa jù. Àsíá kékeré yúnìtì, èyí tí wọ́n ń pè ní guidon, tí gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí létí, tí wọ́n wá fi sínú férémù onígíláàsì, òun ni mi ò tíì rí ẹni tó gbé e jù sí gáréèjì.

Bàbá_Òjóò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Nàìjíríà ni èmi ti wọṣẹ́, Ìbàdàn ni mo sì fẹ̀yìn tì sí, ní Òjóò, ẹ̀bá bárékè Odogbo. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó ń dùn mọ́ mi.

Tiwa ní ìpele. Bí jẹ́nẹ́rà bá ń lọ, wọ́n á ṣe pulling-out fún un: wọ́n á gbé e sórí jíìpù tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ọ́físà á di okùn mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa fà á jáde, bándì á máa lù. Ó wuni í wò. Ti àwa ṣójà, Òṣòdì ni, ní NAFRC, ibi tí wọ́n ti ń múra ológun sílẹ̀ fún ìgbé ayé ará ìlú. Oṣù mẹ́fà lẹ máa fi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹja sínsìn, adìẹ, aṣọ rírán, oríṣiríṣi, kí wọ́n tó fún yín ní sátífíkéètì kẹ́ ẹ tó di ará ìlú. Mi ò bú u o. Ẹja tí mò ń sìn lẹ́yìnkùlé báyìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Òṣòdì kì í ṣe yúnìtì ẹni. Àwọn tẹ́ ẹ jọ fi omi tútù mu gààrí nínú ìgbẹ́ ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí mẹ́ẹ̀sì àwọn sájẹ́ǹtì, ibi tí wọ́n ti jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń mu, ti ṣe tiwọn kí èèyàn tó wọ mọ́tò Òṣòdì.

Nígbà tó kàn mí, RSM wa, ọ̀gá àgbà àwọn sájẹ́ǹtì, ní kí ẹni tó kéré jù nínú mẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kó tó kan àwọn ọ̀gá. Ọmọ náà dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó òun ń rọbí, èmi ni mo gba ìbọn lọ́wọ́ òun, tí mo dúró sí géètì dípò òun títí di òwúrọ̀. Mo ti gbàgbé! Ìyàwó mi yí ojú sí mi pé ṣé bó ṣe rí nìyẹn, torí alẹ́ yẹn ó bínú sí mi pé mi ò wálé. Ẹ ò rí i pé tó bá jẹ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó ti sọ gbólóhùn ńláńlá, ọmọ yẹn ì bá kàn ní "mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá" ni, á jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó ń kúrò nínú iṣẹ́ ṣójà nílé, ẹ bá a to ìwé rẹ̀ kó tó jáde: orúkọ bó ṣe wà níbi gbogbo, àkáǹtì, orúkọ ẹni tó máa gba nǹkan rẹ̀ bí kò bá sí mọ́. Military Pensions Board, Àbújá ló wà. Létà kan ṣoṣo tó yí padà nínú orúkọ lè sọ àgbàlagbà di èrò ọ̀nà Àbújá.

Ṣọlá_Aldershot

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Lọ́dọ̀ wa ní Bìrìtìkó, mẹ́ẹ̀sì náà ló ń ṣe é, oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n fi ń dágbére fún ẹni tó ń lọ, aṣọ mẹ́ẹ̀sì pupa, àwo fàdákà lórí tábìlì, gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó máa ràn yín lọ́wọ́ ni ti owó: díẹ̀díẹ̀ ló ń ti ara owó mẹ́ẹ̀sì wa jáde lóṣooṣù, kò sẹ́ni tó ń sáré kó owó jọ lọ́sẹ̀ tí ẹnìkan ń lọ.

Àwa tá a ti Commonwealth wá, ẹ má jẹ́ kí ère idẹ tí wọ́n fi ń dágbére gba iwájú físà. Láti 2022, ìjọba ti yọ owó ìwé ìgbélùú kúrò fún ẹni tó bá ti sin ọdún 6 tó sì fẹ́ dúró. Ọ̀gá tó bá ti bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè nípa ìwé yẹn kí ọjọ́ tó pé, ó ti yẹ́ ẹ sí.

Adé_Ìsẹ́yìn

Ẹ bi ẹni tó ń lọ bóyá ó fẹ́! Ọ̀rẹ́ mi kan, àìsàn ẹ̀yìn ló mú un kúrò nínú iṣẹ́, kò tíì fẹ́ lọ rárá. Yúnìtì rẹ̀ tò síta, wọ́n ní kó wá dúró síwájú. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí. Ká ní wọ́n bi í ni, á ní kí àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ogun kan náà bá òun jẹun, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó kan àwa ọmọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ wa wọlé nípa MAVNI, ètò tí Amẹ́ríkà fi ń gba àjèjì tó mọ èdè tí wọ́n nílò sínú iṣẹ́ ológun, nígbà tí Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n ń wá, kí wọ́n tó dá a dúró ní 2016. Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá máa ń ní kí ṣójà fúnra rẹ̀ kọ ohun tó ti ṣe ránṣẹ́ kí òun lè fi kún fọ́ọ̀mù. Ẹ bi ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa pé kí ló ṣe. Á ní "Kò sí nǹkan kan, sà. Ọlọ́run ló ṣe é." Ọlọ́run ò ní DA Form 638 o! Tó bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Staff Sergeant yín, má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́.

Mẹkáníìkì_JBLM

Ọlọ́run ò ní DA Form 638 😂😂 mo ti kú.

Àkànbí_Texas

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn kan ní ká dá owó jọ fún Staff Sergeant, ẹlòmíì ní kò bófin mu torí ọ̀gá wa ni. Èkejì, àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí ti ra aṣọ òkè sányán, a fẹ́ gbé e lé e léjìká níwájú àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń pè é síwájú. Ẹnìkan sì fẹ́ ki oríkì rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_S1

Ti owó: ẹ̀bùn fún ọ̀gá kì í rọrùn nínú òfin, àmọ́ ìfẹ̀yìntì wà lára ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Kó tọkàn ẹni tó fẹ́ fún un wá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ ẹni tí kò dá sínú ìwé, First Sergeant ò sì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike. Iye tí ẹ̀bùn náà lè jẹ́ ní òpin, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà yín ní JAG kẹ́ ẹ tó ra nǹkan olówó ńlá. Owó ìjọba tó wà fún iṣẹ́ yúnìtì, ẹ má fi ra ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ní cup and flower fund, àpò owó tí àwọn ọmọ yúnìtì ń dá fúnra wọn, inú ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un, kó sì kan Specialist náà. Ti Specialist gan-an kò tilẹ̀ ní wàhálà òfin nínú, ẹni tó kéré sí yín ni.

Ìyá_Ìbejì_Clarksville

Sányán yẹn, ẹ má gbé e lé yúnífọ́ọ̀mù o, AR 670-1, òfin lórí aṣọ ṣójà, kò gbà á, Sergeant Major kan á sì bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ètò ìjọba parí, kó lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tó bá jáde síbi oúnjẹ nínú agbádá, ẹ wá dà á bò ó, kí ẹni tó fẹ́ kì í máa kì í, kí àwọn òyìnbó máa ya fídíò. Ẹ gé ìwọ̀n díẹ̀ lára sányán náà, kí Ọmọ_Ẹ̀gbá fi tẹ́ ìsàlẹ̀ férémù guidon yẹn. Oúnjẹ ńkọ́, ta ló ń sè é? Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ pé pizza ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_NC

Sányán lábẹ́ guidon, mo ti rí i lójú ara mi. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mi ò ní gba owó iṣẹ́ lórí ti Specialist.

Ẹ̀gbọ́n_S1

Ó ku ọ̀kan tí mi ò fẹ́ kó bọ́. Àmì-ẹ̀yẹ tó bá dé lẹ́yìn tí DD-214, ìwé tí wọ́n ń fún ṣójà nígbà tó bá kúrò nínú iṣẹ́, ti jáde kò ní sí lórí rẹ̀. Ó ṣeé tún ṣe, DD-215 ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà ní Houston, tó ń sá kíláàsì kiri, kò ní ráyè lépa ìwé yẹn. DD-214 yẹn kan náà ló máa lò fún owó iléèwé lábẹ́ GI Bill àti fún yíyá owó ilé lọ́jọ́ iwájú. Àkànbí, nígbà tí wọ́n bá fún ọmọbìnrin yẹn ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ pé kó yẹ̀ ẹ́ wò, jókòó tì í. Ẹ jọ ka ibi tí wọ́n to àmì-ẹ̀yẹ sí, ẹ kà á pẹ̀lú ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kó tó buwọ́ lù ú.